Ìyípadà Fọ́nrán Fídíò láti Ìlànà Kan sí Òmíràn: Iṣẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá Ni

Ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá tó ti pẹ́ díẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni wa tí kò ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà egúngún àti oríṣiríṣi ọdún ìbílẹ̀ ló kó wọn wá. Kásẹ́ẹ̀tì VHS wà níbẹ̀, àwo VCD wà níbẹ̀, àwo DVD wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fáìlì tí wọ́n fi fóònù àtijọ́ gbà sílẹ̀ wà nínú fúláàṣì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti lọ bá àwọn baba ńlá wọn. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò gùn: yíyí fọ́nrán fídíò padà láti ìlànà kan sí òmíràn, kí ẹ̀rọ òde òní lè gbé e jáde, iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a ó dì lé ọmọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì lọ́wọ́, kí a sì máa retí àgbàyanu.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní olùkọ́ èdè ni àwọn, àwọn kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ jẹ dòdò kò ní kí òun tìkára òun lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá ibi tí a wà mu. Ẹni tó ń yí fọ́nrán padà ló ń pinnu ohun tí yóò kù àti ohun tí yóò sọnù nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orin àríyá ló wà níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù lè fi etí ara rẹ̀ pinnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọfọ̀ ni, tàbí ìlù bàtá, tàbí ẹsẹ Ifá tí babaláwo ń kì, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti yọ bọ́rọ́ bí kò ṣe ẹni tó gbọ́ èdè náà, tó sì mọ ohun tó yẹ kí òun gbọ́?

Bí a ṣe dé ibi tí a wà

Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ JVC gbé VHS jáde ní ilẹ̀ Japan. Ní àsìkò náà, sinimá gidi ni àwọn òṣèré wa ń fojú sí. Ọ̀nà yìí ni Hubert Ògúndé gbà ṣe Aiyé ní ọdún 1979 àti Jáiyésinmi ní ọdún 1980. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí apá kò sì ká owó sinimá mọ́, kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba ipò rẹ̀, fíìmù àgbéléwò sì gbilẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tí a ṣì ń lò nínú kíláàsì títí di òní, bí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993), Ó Le Kú (1997) àti Ṣaworoidẹ (1999) tí Túndé Kèlání darí, orí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ wò wọ́n nínú ilé.

Lẹ́yìn èyí ni VCD gba ọjà. Ọdún 1993 ni wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, nítorí náà fíìmù oníwákàtí kan àbọ̀ kò lè wọ inú àwo kan ṣoṣo. Àwo méjì ni yóò gbà. Àwòrán inú rẹ̀ kò sì tóbi: àmì tíntìntín 352 ní ìbú, 288 ní òòró. DVD tó tẹ̀ lé e gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, 720 ní ìbú, 576 ní òòró. Ìlànà ìdìpọ̀ tí VCD ń lò ni MPEG-1, ti DVD sì ni MPEG-2. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí àwo VCD lórí kọ̀ǹpútà lónìí yóò bá fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT nínú fódà MPEGAV. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè sọ pé òun kò mọ ohun tí í ṣe, àwo náà yóò sì di ìgbéjù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Bí ó bá fi VLC ṣí i, yóò ṣí. VLC yìí, iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé láti ọdún 2001.

Ti fóònù ló kẹ́yìn. Fóònù àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀rọ ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rà, fáìlì 3GP ló ń ṣe. Wọ́n ṣe 3GP kí fídíò lè kéré tó láti kọjá lórí ìsokọ́ra fóònù. Kò sí ẹni tó ro ti ìwádìí lítíréṣọ̀ alohùn mọ́ ọn nígbà náà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń kánjú ni pé ẹ̀rọ tó ń gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde ń kú tán. Ní oṣù keje ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Funai, tí a gbọ́ pé òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2015, ilé ìṣúra fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Australia ti kìlọ̀ pé fọ́nrán olóòfà tí a kò bá yí padà títí di ọdún 2025 lè má ṣe é yí padà mọ́. Àjọ UNESCO pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán àgbáyé (IASA) tún lu agogo kan náà ní ọdún 2019. Ọdún 2025 tí wọ́n ń wí náà ti dé bá wa. Kì í ṣe pé gbogbo kásẹ́ẹ̀tì kú lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílùú yín bí wọ́n bá ṣì ń rí orí fídíò rà.

Àpò àti ẹrù

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé orúkọ tó wà ní ìparí fáìlì, AVI, MP4, MKV, ni ìlànà fídíò náà. Kì í ṣe òun. Orúkọ àpò ni. Ẹrù méjì ni ó sábà máa ń wà nínú àpò náà, àwòrán àti ohùn, a sì di ẹrù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà dì í ni wọ́n ń pè ní codec. H.264 tó jáde ní ọdún 2003 jẹ́ ọ̀nà kan láti di àwòrán, H.265 ti ọdún 2013 jẹ́ òmíràn. AV1 ti ọdún 2018 tún jẹ́ òmíràn. AAC, MP3 àti AC3 jẹ́ ọ̀nà láti di ohùn. Àpò méjì lè jọra tí ẹrù inú wọn kò sì bára mu rárá. Ìdí nìyí tí tẹlifíṣàn kan fi ń gbé MP4 kan jáde tó sì ń kọ MP4 kejì. Ẹni tó bá kàn pa orúkọ .avi rẹ́ tó sì kọ .mp4 sí i dà bí oníṣòwò tó kọ "ìrẹsì" sára àpò gàrí. Gàrí ṣì ni.

Bí tẹlifíṣàn tàbí fóònù bá kọ fáìlì kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bó ṣe kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ń lọ ṣùgbọ́n kò sí ohùn, ohùn ni a dì ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà kò mọ̀. AC3 àti DTS ló sábà máa ń fà á. Àwòrán kò ní ẹ̀bi kankan. Ohùn nìkan ni kí a tún dì, sí AAC, kí a sì fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn ń lọ ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣàn dúdú, àwòrán ló ní ẹjọ́ láti rò, H.265 ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló ń fi í gba àwòrán sílẹ̀ láì sọ fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá ṣí rárá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àpò nìkan ni ẹ̀rọ náà kò mọ̀. Ṣíṣí ẹrù láti inú àpò kan sí òmíràn, láì tú ìdì, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ba ohunkóhun jẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní FFmpeg, tí Fabrice Bellard ọmọ ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ń fi àṣẹ kúkúrú kan ṣe é:

ffmpeg -i ijala.mkv -c copy ijala.mp4

Ọ̀rọ̀ "copy" tó wà níbẹ̀ ni kókó. Ó ń sọ fún ètò náà pé kí ó má tú ìdì. Ṣùgbọ́n kí ni a ń bá ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù? Wọn kì í bèèrè ohun tó ṣe fáìlì. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò tú, tí wọn yóò tún dì, ìbáà nílò rẹ̀, ìbáà má nílò rẹ̀, nítorí pé bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá sì tú ìdì fídíò tí a tún un dì, díẹ̀ ń dànù. Ẹni tó ti ṣe ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì láti ara fọ́tòkọ́pì rí yóò mọ ohun tí à ń wí: ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, àmì ohùn ti parẹ́ lórí ọ̀rọ̀, ẹ ti di e, ṣ ti di s.

Ohun tó ń sọnù

Àfiwé fọ́tòkọ́pì yẹn kì í ṣe àfiwé lásán. S àti ṣ ń sọnù nínú ohùn pẹ̀lú. Ohùn tó wà nínú fáìlì 3GP àtijọ́, AMR ni ọ̀nà ìdì rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù. Ìgbà 8000 ni ó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà kò sí ìgbọ̀nrìrì tó ju 4000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá tó lè là á kọjá. Ohun tó ń kọjá gan-an kò tilẹ̀ ju nǹkan bí 3400 lọ. Àwọn kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè ni èyí ń bá jà. Agbára s wà ní òkè 4000 ní púpọ̀, ti ṣ rẹlẹ̀ sí i. Bí a bá gé òkè kúrò, s yóò di èémí lásán, olùgbọ́ yóò sì máa méfò. "Ó sẹ́ ẹ" àti "ó ṣẹ́ ẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn kan yóò ní a máa ń sọ Yorùbá lórí fóònù lójoojúmọ́ tí a sì ń gbọ́ ara wa yé. Òótọ́ ni. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè sọnù lórí fóònù. Etí wa ń rí ìròkè-rodò ohùn mú láti inú ìyókù ìró náà. Àyíká ọ̀rọ̀ sì ń ràn wá lọ́wọ́ nínú ìtàkùrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n nínú ọfọ̀ ńkọ́? Ọfọ̀ dúró lórí ìfọ̀rọ̀dárà. Orúkọ nǹkan àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó jọ ọ́ ló ń gbé agbára rẹ̀. Bí a kò bá gbọ́ kọ́ńsónáǹtì kan dáadáa, kò sí àyíká ọ̀rọ̀ tí yóò gbà wá sílẹ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí a kò lò mọ́ nínú èdè ojoojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe àdàkọ ohun tó rò pé òun gbọ́. Alábòójútó yóò buwọ́ lù ú. Bí àṣìkọ ṣe ń di àkọsílẹ̀ nìyẹn.

Ti ìlù tún ju èyí lọ. Ṣaworo tó wà lára ìyáàlù ń dún ní òkè pátápátá; bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nínú fáìlì AMR, wọn kò sí mọ́ rárá, tàbí kí wọ́n máa dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ohun tó ti sọnù nígbà tí a gbà á sílẹ̀ kò ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fọ́nrán ló dára nígbà tí a gbà á sílẹ̀ tó jẹ́ pé ìyípadà ló bà á jẹ́. Ohùn orí kásẹ́ẹ̀tì VHS kún ju ti fóònù àtijọ́ lọ dáadáa. Bí a bá yí i sí AMR kí ó lè kéré, àwa la pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti àwòrán. Tẹlifíṣàn ilẹ̀ wa lo ìlànà PAL, tó ní ìlà 625. Wọn kì í fi gbogbo ìlà hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kìíní, ẹ̀kẹta, ẹ̀karùn-ún ni a ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ìlà kejì, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà, ìlàjì-àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan ni a sì gbà sílẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá kàn pa ìlàjì méjì pọ̀, ohun tó ń rìn kíákíá yóò ní eyín bí òòyà létí. Ẹ lọ wo oníjó bàtá lórí irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò níí yé yín. Bí ó bá sì ju ìlàjì kan nù, òòyà yóò lọ, ṣùgbọ́n ìdajì ìṣípòpadà ẹsẹ̀ náà bá a lọ. Ohun tó tọ́ ni kí a sọ ìlàjì kọ̀ọ̀kan di odidi àwòrán, kí fídíò tó jáde ní àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá. FFmpeg àti HandBrake, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́, lè ṣe é bí a bá sọ fún wọn. Bí a kò bá sọ, wọn kò ní mọ̀ pé ijó ni.

Ìlànà PAL yìí kì í ṣe ti gbogbo ibi tí Yorùbá wà. Togo àti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lo SECAM. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ lè di dúdú àti funfun lórí ẹ̀rọ tí a rà ní Ìbàdàn. Amẹ́ríkà àti Cuba lo NTSC, ìlà 525. Brazil lo PAL-M, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti PAL ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 525. Ẹni tó ń gba fọ́nrán ọdún òrìṣà láti Bahia tàbí Havana yóò nílò ẹ̀rọ tó gbọ́ gbogbo ìlànà wọ̀nyí. Nígbà tí ó bá sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà, kí ó fi iye àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà kò bìkítà bóyá 25 ni tàbí 30. Sísọ ọ̀kan di èkejì ló ń mú kí ìrìn máa ta gìrì.

Ohun kan tí ń bí wa nínú púpọ̀ ni nínà. Àwòrán àtijọ́ jẹ́ mẹ́rin ní ìbú sí mẹ́ta ní òòró. Tẹlifíṣàn òde òní jẹ́ 16 sí 9. Oníṣọ́ọ̀bù á na àwòrán kí ojú tẹlifíṣàn lè kún. Àgbà tín-ín-rín á di ọ̀rọ̀bọ̀, ìlù gángan á di ìlù tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí dúdú wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì; kò pa ẹnikẹ́ni. Bákan náà, sísọ VHS di "HD" kò fi ohunkóhun kún un ju ìwúwo fáìlì lọ.

A mọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan tó kó kásẹ́ẹ̀tì egúngún lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ. Nígbà tí wọ́n gbà á padà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ń sáré lọ sáré bọ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí ẹsẹ̀ egúngún wà gan-an ni. Kásẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sílẹ̀ lé e lórí.

Àmì ohùn lójú tẹlifíṣàn

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán jẹ́ ohun tó yẹ kí a máa fi kọ́ni, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí ọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbọ́ ọ yóò tètè mọ àmì ohùn lò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti dán an wò mọ̀ pé àkọtọ́ wa máa ń di àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo lójú tẹlifíṣàn. Ìdí méjì ló wà. Èkíní, a kò tọ́jú fáìlì ọ̀rọ̀ náà ní ìlànà UTF-8. Èyí rọrùn láti tún ṣe, inú Notepad pàápàá ni a ti lè yàn án. Èkejì le jù ú lọ. Nínú Unicode, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, á àti à ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì méjì ni kí ẹ̀rọ tò léra kí lẹ́tà kan tó jáde. Kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn kò lè ṣe é. Wọn yóò fi àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tàbí kí wọ́n gbé e jù. Nítorí náà, bí a kò bá mọ ẹ̀rọ tí a ó bá ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń lọ, ó sàn kí a lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara àwòrán nígbà tí a bá ń yí fídíò padà. HandBrake ń ṣe é. Kí a ṣáà ní ẹ̀dà mìíràn tí a kò lẹ nǹkan kan mọ́.

Orúkọ fáìlì náà ní ìṣòro kan náà. Ó dùn wá láti sọ ọ́ nínú jọ́nà Yorùbá, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ ó fi fúláàṣì gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má fi àmì sórí orúkọ rẹ̀. Kí orúkọ gidi, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka.

Ohun tí a ń dá lábàá

Ẹ̀dà méjì ni kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní. Èkíní ni ìyá ẹ̀dà, tí a kò ní fún pọ̀ rárá tàbí tí a ó fún pọ̀ díẹ̀ péré. Àwọn ilé ìṣúra ńláńlá ń lo FFV1 nínú àpò MKV, nítorí pé kò ju ohunkóhun nù. Bí apá kò bá ká èyí, ìlànà DV tí ó ń gba nǹkan bí gígábáìtì 13 fún wákàtí kan tó. Kásẹ́ẹ̀tì 60 oníwákàtí kan yóò gba nǹkan bí 780, díìsìkì onítẹ́rábáìtì kan yóò sì gbà á tán. Kí a ra méjì, kí wọ́n má sì wà nínú yàrá kan náà. Èkejì ni ẹ̀dà ìlò, tí a yọ láti ara ìyá ẹ̀dà: MP4, àwòrán rẹ̀ H.264, ohùn rẹ̀ AAC. Bí a bá fún un ní mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí kan kò ní ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 900 lọ. Irú èyí ni tẹlifíṣàn àti fóònù tó pọ̀ jù lọ mọ̀. Ẹ̀dà ìlò lè sọnù, ó lè bàjẹ́, a ó yọ òmíràn. A kì í yọ ẹ̀dà ìlò láti ara ẹ̀dà ìlò.

Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná kan iṣẹ́ yìí. Bí a bá ń gba kásẹ́ẹ̀tì sínú MP4 tí iná sì lọ lójijì, fáìlì náà sábà máa ń kọ̀ láti ṣí, nítorí pé ìparí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ atọ́ka rẹ̀ sínú rẹ̀. MKV kò rí bẹ́ẹ̀; ibi tí iná lọ sí ni yóò dúró, ohun tí a ti gbà ṣáájú yóò sì wà. Nítorí náà MKV ni kí a fi gba fọ́nrán, kí a sì wá sọ ẹ̀dà rẹ̀ di MP4 nígbà tí iná bá dé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Lásìkò ìdánrawò ìkọ́ni, ọ̀pọ̀ ló ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí àṣà ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ, tí yóò sì kó ìran kan láti inú fíìmù sórí fúláàṣì. Alábòójútó á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tẹlifíṣàn á ní òun kò mọ fáìlì, ìṣẹ́jú 40 á sì parí síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yọ fúláàṣì tó tún ń fi í bọ̀ ọ́. A kì í fún un ní máàkì fún ohun tí ó fẹ́ ṣe. Kí ó lọ dán an wò lórí ẹ̀rọ náà gan-an ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ó sì rántí pé bí wọ́n bá to fúláàṣì rẹ̀ ní FAT32, kò ní gba fáìlì kan tó tó gígábáìtì mẹ́rin. Kí ó má gba fídíò ìkọ́ni lórí WhatsApp bí ẹni gba fídíò àwàdà, nítorí pé WhatsApp ń tún un dì kí ó tó fi ránṣẹ́. Kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ yàn án gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fídíò, yóò dé bó ṣe wà. Ó yẹ kí gbogbo èyí wọ inú kọ́ọ̀sì ọgbọ́n ìkọ́ni Yorùbá, kí a fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ọ, ní èdè Yorùbá, láti ẹnu olùkọ́ Yorùbá. Ìran tí akẹ́kọ̀ọ́ yọ láti fi kọ́ni nínú kíláàsì kì í ṣe ọjà o. Ẹni tó bá yí odidi fíìmù padà tó ń tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, olè ló ń jà, ìbáà pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú àṣà.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde ní ìsinmi gígùn tó ń bọ̀, kí a kọ ohun tó wà lára ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀: ta ló sọ̀rọ̀, ìlú wo, ọdún wo, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló gbà á. Àwọn tí kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn ni kí a kọ́kọ́ mú, kí fíìmù àgbéléwò tí a rà lọ́jà dúró sẹ́yìn. Kásẹ́ẹ̀tì tí a bá rí funfun bí ìyẹ̀fun lára fọ́nrán rẹ̀ ti hu. Kí a má fi sínú ẹ̀rọ rárá. Kí a yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń nù ún, nítorí pé ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ lè ba orí ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ náà sì lè jẹ́ ẹyọ kan tó kù ní gbogbo ọgbà.